Ẹ̀KỌ́ FÚN OṢÙ YÌÍ: Bí Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ẹranko bá Léwu, Kí Ẹni Titun Dúró ni, tàbí Kí Ó Lọ?

Ìbéèrè kan ni ó wà níwájú wa nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, èyí tí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́ sí wa nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jókòó níwájú rẹ̀ rí ní kíláàsì. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní ibi kan tí wọ́n ti ń sin ajá ńláńlá, tí wọ́n sì ń yá wọn fún àwọn onílé láti máa fi ṣọ́ ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó tíì lò níbẹ̀. Òun ni ó ń bọ́ àwọn ajá náà, òun ni ó ń kó ìgbẹ́ wọn, òun ni ó ń wẹ̀ wọ́n, òun nìkan ni ó sì ń sùn tì wọ́n lóru. Ọ̀kan nínú wọn, akọ ajá ńlá kan, ti gé ènìyàn méjì jẹ kí ọmọ náà tó dé ibẹ̀. Wáyà ni wọ́n sì fi so ilẹ̀kùn ilé ajá yìí, nítorí pé àgádágodo rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n ní kí ó máa wọlé tọ̀ ọ́ láti gbá ilẹ̀, nígbà tí ajá náà wà nínú ilé. Kò sí ẹni tí ó mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fi káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ajá náà hàn án. Ìyá rẹ̀ jẹ́ opó, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ó sì ṣe onídùúró fún un. Olùkọ́ náà wá béèrè lọ́wọ́ wa pé, kí ni kí òun wí fún ọmọ yìí? Kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, tàbí kí ó ní sùúrù?

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni yóò dáhùn kíákíá. Àwọn kan yóò ní kí ó lọ lónìí yìí. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọmọ òde òní kò fẹ́ ṣiṣẹ́, àti pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ajá kò yẹ kí ó gba iṣẹ́ ajá. Ìdáhùn méjèèjì yá jù. Ohun kan wà tí a ní láti kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé bí a kò bá yà á sọ́tọ̀, ohun méjì ni a ó máa pè ní orúkọ kan.

Ewu méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ ẹranko. Èkínní ni èyí tí ó ti ara ẹranko fúnra rẹ̀ wá. Ajá ní eyín, ẹṣin ní pátákò, màlúù ní ìwo. Ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ tí kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀ nínú, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ewu yìí ṣeé kọ́. Ọmọ Fúlàní tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ a máa rìn láàárín agbo màlúù tí ìwo wọn gùn ju apá rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ìwo lè pa ènìyàn. Bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ti bá a rìn ṣáájú, wọ́n ti fi ibi tí a ń dúró sí hàn án àti ibi tí a kì í dúró sí, wọ́n sì ti fi akọ màlúù tí a ń yẹra fún hàn án, àti bí orí rẹ̀ ti máa ń ṣe kí ó tó kàn. Ajá náà ní èdè tirẹ̀. Ara rẹ̀ a le gbagidi, ẹnu rẹ̀ tí ó là sílẹ̀ a pa dé lójijì, a máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí funfun ẹyinjú rẹ̀ yóò fi hàn, lẹ́yìn náà ni yóò kùn. Ẹni tí ó bá na ajá nítorí pé ó kùn, ń kọ́ ọ láti gé ni jẹ láìkìlọ̀ ni. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ènìyàn lè mọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá dúró tì í.

Ewu kejì kì í ṣe ti ẹranko rárá. Ti ilé ni, ti ọ̀gá ni. Wáyà tí a fi so ilẹ̀kùn kì í ṣe ìwà ajá. Àìgba abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìwà ajá. Kí ènìyàn kan ṣoṣo máa sùn ní àárín ajá líle lóru, láìsí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀, ajá kọ́ ni ó ṣe ètò náà. Irú ewu yìí kò ṣeé kọ́, kò sì ṣeé mọ́ lára. Ẹni tí ó bá rò pé ó ti mọ́ òun lára, orí ni ó ń bá a ṣe é lójoojúmọ́ tí kò mọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2024 lè jẹ́ kí èyí yé wa. Nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kìnnìún kan pa ọkùnrin tí ó ń tọ́jú rẹ̀, ní àkókò tí a ń fún àwọn kìnnìún ní oúnjẹ. Ọkùnrin náà kì í ṣe àlejò sí wọn. Yunifásítì náà sọ ọ́ di mímọ̀ pé láti ìgbà tí a ti bí àwọn kìnnìún náà nínú ọgbà, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú, ni ó ti ń tọ́jú wọn, ó sì jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ní àkọ́yè. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ilẹ̀kùn kan ni a kò tì lẹ́yìn tí a ti bọ́ wọn. Wọ́n pa kìnnìún náà lẹ́yìn èyí. A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti dá òkú lẹ́bi, nítorí pé ọ̀fọ̀ ńlá ni ó jẹ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀ àti fún gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyèsí i pé ọdún mẹ́sàn-án ìfẹ́ àti ìmọ̀ kò lè dí àyè ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ènìyàn a máa gbàgbé. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù lọ a máa gbàgbé, ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí ní ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ọmọ tí ń ṣàìsàn nílé.

Nítorí ìdí yìí ni àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú ẹranko líle dáradára fi máa ń ní ilẹ̀kùn méjì ní ẹnu ọ̀nà kan, tí a kì í ṣí èkejì àyàfi bí èkínní bá ti wà ní títì. Wọ́n a sì máa lé ẹranko lọ sí yàrá kejì, wọn a tì í mọ́ ibẹ̀, kí ènìyàn tó wọ yàrá kìn-ín-ní láti gbá a. Kò sí ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ kan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ènìyàn yóò gbàgbé, ó sì ti pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti pẹ́, mélòómélòó ni ẹni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Àwọn tí wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ rí i pé oṣù àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ máa ń farapa jù. Kò yani lẹ́nu. Ẹni titun kò tíì mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, ojú sì ń tì í láti béèrè èyí tí ó mọ̀, nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin àtijọ́ kan lórí ọ̀ràn yìí gan-an, tí ó wà nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí 21. Nínú òfin náà, bí akọ màlúù bá kan ènìyàn pa, wọn yóò pa màlúù náà, ṣùgbọ́n wọn kì yóò ka ẹ̀bi sí ẹni tí ó ni ín lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ pé màlúù náà ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a sì ti wá sọ fún ẹni tí ó ni ín, tí kò sì sé e mọ́lé, ọ̀ràn náà yí padà pátápátá: ẹ̀jẹ̀ òkú náà wà lọ́rùn olówó màlúù. Kí àwọn olùkọ́ fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì wọn dáradára. Ohun tí ó ya ẹjọ́ kìn-ín-ní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kì í ṣe ìwo, nítorí pé ìwo kan náà ni. Ọ̀rọ̀ tí a ti sọ létí olówó ni.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ wa ní láti ṣe kì í ṣe pé kí ó lọ, kì í sì í ṣe pé kí ó dákẹ́. Kí ó sọ̀rọ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀yájú nínú kí ènìyàn tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kí ó kí i bí ó ti yẹ, kí ó sì wí pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wáyà tí a fi so ilẹ̀kùn ajá ńlá ti fẹ́ já. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ra àgádágodo. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí ó mọ ajá náà dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo sì fẹ́ gba abẹ́rẹ́ kí n tó tún wọlé tọ̀ ọ́.” Kí ó dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan báyìí. Ẹni tí ó bá kàn wí pé “iṣẹ́ yìí léwu” kò tíì sọ ohun kan tí ọ̀gá lè tún ṣe. Ohun tí yóò bá a mú bọ̀ ni pé ojo ni. Lẹ́yìn èyí kí ó kọ ohun tí ó sọ, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, sínú ìwé kékeré kan, tàbí kí ó tún fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí fóònù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Bí òṣìṣẹ́ mìíràn bá wà níbẹ̀, kí wọ́n jọ lọ.

Nígbà náà ni kí ó máa wo ohun tí ọ̀gá yóò ṣe, yàtọ̀ sí ohun tí yóò sọ. A mọ ọ̀gá tí yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò ní àyà ọmọ náà ń já. A mọ èyí tí yóò ní àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò kú. (Ọ̀rọ̀ yìí ni a ń gbọ́ jù, ó sì ń yà wá lẹ́nu, nítorí pé bí ara bá tu àwọn tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú, àyè ì bá tí ṣí sílẹ̀ fún ẹni titun?) A sì mọ èyí tí yóò ní òun kò mọ̀ pé ó ti rí báyìí, tí àgádágodo yóò sì ti dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lọ́dọ̀ ẹni ìkẹyìn yìí, kí ọmọ wa dúró, kí ó sì ní sùúrù fún èyí tí ó kù, nítorí pé kíkọ́ yàrá kejì ń gba owó àti àkókò. Ohun tí kò wọ́n ni kí a fi wọn ọ̀gá. Ẹni tí kò bá lè ra àgádágodo lẹ́yìn tí a ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kì yóò san owó abẹ́rẹ́, kì yóò sì gbé ni dé ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ tí ajá bá fa ni lápá ya. Ọ̀sẹ̀ kan tó fún àgádágodo. Kò sí ìdí tí yóò fi di oṣù kan.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò ní ọ̀sẹ̀ kan nínú. Bí ọmọ wa ti ń dúró de àgádágodo, kò gbọdọ̀ máa wọlé tọ ajá tí ó ti gé ènìyàn méjì jẹ, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ó wí pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé òun yóò bọ́ ọ láti ìta, òun yóò sì fi omi ṣan ilẹ̀ láti ìta, títí a ó fi rí ibi tí a ó ti ajá mọ́. Èyí kì í ṣe fífi iṣẹ́ sílẹ̀, apá kan iṣẹ́ ni ó kọ̀. Ní ọdún 1981 ni Àjọ ILO, tí ó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ ní gbogbo ayé, ṣe àdéhùn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 155, tí ilẹ̀ Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 1994. Nínú rẹ̀ ni a ti pinnu pé kò yẹ kí a fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ tí ó bá kúrò nídìí ohun tí ó ní ìdí tí ó tọ́ láti gbàgbọ́ pé ó lè ṣe é ní jàǹbá ńlá lójú ẹsẹ̀. A kò tan ara wa jẹ: ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò gbọ́ nípa àdéhùn yìí rí, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì ní owó tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé e. Bí wọ́n bá sì lé e nítorí pé kò wọlé tọ ajá náà, wọ́n ti bá a dáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn abẹ́rẹ́, nítorí pé níbẹ̀ ni àìmọ̀ ti ń pa ènìyàn. Àrùn dìgbòlugi wà nínú itọ́ ajá tí ó bá ní in. Ó ń gba ojú ibi tí ajá ti gé ènìyàn jẹ wọlé, tàbí ojú ibi tí ó ti fi èékánná họ ọ́, tàbí kí ajá lá ojú ọgbẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń kú nípa rẹ̀ lọ́dọọdún, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà ní Áfíríkà àti Éṣíà; nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá sì kó o, ó tó 99 tí ó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Àrùn náà a máa sápamọ́. Ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó fara hàn, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn odindi ọdún kan. Ojú ọgbẹ́ á ti san, ènìyàn á sì ti gbàgbé. Bí ó bá ti fara hàn, tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù omi, kò sí oògùn tí a lè gbójú lé mọ́. Ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin rẹ̀ nígbà gbogbo.

Síbẹ̀ àrùn yìí ṣeé dá dúró kí ó tó dé ibẹ̀. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur fún ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris lẹ́yìn tí ajá ti gé e jẹ, tí ọmọ náà sì yè, ni ọ̀nà ti là. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un. Kí a má ṣe fi epo tàbí ata sí i, kí a má ṣe fi àgbo dípò abẹ́rẹ́. Kí a má sì yára pa ajá náà: kí a dè é mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti lè gé ẹlòmíràn jẹ, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ 10 yóò fi pé, àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gé ni jẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó de ọjọ́ 10 kí ó tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Fún àwọn tí ó jẹ́ pé ajá ni iṣẹ́ wọn, a kì í dúró kí ajá gé wọn jẹ ná. Láti ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wọ́n nímọ̀ràn láti gba abẹ́rẹ́ méjì ṣáájú, tí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín wọn. Ẹni tí ó ti gbà á báyìí yóò ṣì fọ ojú ọgbẹ́, yóò sì ṣì lọ sí ilé ìwòsàn bí ajá bá gé e jẹ, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí yóò gbà yóò kéré, ara rẹ̀ á sì ti múra sílẹ̀. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Èrò tiwa ni pé ọ̀gá ni, nítorí pé òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé tí ó yá ajá. Àwọn ajá náà ní abẹ́rẹ́ tiwọn, tí a ń gbà fún wọn lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, tí a sì ń kọ sínú káàdì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ní àkókò Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, tí í ṣe ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, àwọn dókítà ẹranko a máa fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó ń sin ajá láti fi pa owó, tí kò sì ní káàdì kan láti fi hàn, kò ní àwíjàre.

Ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti adìẹ tàbí ti màlúù, kí ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ bí ẹran bá kú lójijì. Àrùn lukulùkù kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ rí àrùn adìẹ tí ó lè ran ènìyàn, H5N1, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 2023 ni a sì rí àrùn anthrax lára ẹran ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ọ̀gá tí ó bá ní kí a dúńbú òkú ẹran kí a sì tà á, ewu rẹ̀ ti kọjá ti òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan.

Ó ku ọ̀ràn owó, àti ti onídùúró. A kò ní fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú owó, nítorí pé ìyá ọmọ yìí ń jẹun, àbúrò rẹ̀ sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe fún un láti yẹra fún ilé ajá líle náà nígbà tí ó ń wá iṣẹ́ mìíràn, kí ó kọ́kọ́ wá iṣẹ́ náà kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ìgbà tí iṣẹ́ ṣì jẹ́ titun ni ó rọrùn jù láti fi sílẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé òṣìṣẹ́ tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan tó láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó di ọ̀sẹ̀ kan, títí yóò fi lo ọdún méjì. Kí ó ka ìwé tí ó fi ọwọ́ sí ná, kí ó rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gan-an láti fi pamọ́ sọ́dọ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ó fún un.

Ojú ń ti ọmọ náà nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, èyí sì dára, nítorí pé ọmọ tí ojú kì í tì kò níyì. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá náà fi ọwọ́ sí ni pé ọmọ òun kì yóò jalè, kì yóò sì gbé ohun-ìní ọ̀gá sá lọ. Kò fi ẹran ara ọmọ náà dúró. Kí ọmọ náà tọ̀ ọ́ lọ nísinsìnyí, kí ó má ṣe dúró dìgbà tí ó bá ti kúrò, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun dé ibẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí wáyà náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí kò gbọ́ ti ọmọ iṣẹ́ ni yóò gbọ́ ti àgbà tí ó bá fìlà borí wá kí i.

Kí a má baà mú ẹnikẹ́ni ya ọ̀lẹ, a ní láti fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó nira ni ó léwu. Òórùn ìgbẹ́ kì í pa ènìyàn. Jíjí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, igbe ajá tí kò jẹ́ kí a sùn, ọ̀gá tí ohùn rẹ̀ le, àyà tí ń já ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ ẹranko ń mú wá, a sì ti rí àwọn tí ó fi orúkọ ewu bo ìṣòro lásán. Kí ọmọ wa bi ara rẹ̀ pé: bí a bá ra àgádágodo, tí mo gba abẹ́rẹ́, tí ẹnìkan sì dúró tì mí, ǹjẹ́ n óò ṣì fẹ́ lọ? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà ni kò wù ú, kí ó má ṣe di ẹrù náà ru ajá.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ alágbàṣe tí ó wà nínú Jòhánù, orí 10, bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wí, pé ó fi agbo sílẹ̀ sá lọ. Ìkookò tí ó ti òde wá ni alágbàṣe náà sá fún. A kò kà á níbẹ̀ pé ẹni tí ó ni agbo kọ̀ láti tún ọgbà mọ. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ, kí a wo Dáfídì nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 17. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ojú ogun, kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀ ó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ àwọn àgùntàn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, a sì máa ń kà á kọjá nítorí pé Gòláyátì wà níwájú.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé, tí wáyà bá ṣì wà lára ilẹ̀kùn, ìmọ̀ràn wa sí olùkọ́ náà ni pé kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ. Kí ó kọ̀wé ní ṣókí, láìsí èébú nínú rẹ̀, kí ó kọ ìdí tí ó fi ń lọ àti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ó gba owó ọjọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́. Bí ajá kan bá ti gé e jẹ níbẹ̀, ìbáà kéré, kí ó sọ fún ọ̀gá kí ọjọ́ 14 tó pé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa ti wí; láàárín ọjọ́ méje ni ọ̀gá náà sì ní láti fi tó àjọ NSITF létí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ, kí ó bọ́ gbogbo àwọn ajá, kí ó sì fún wọn ní omi, nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé. Kí ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá lọ́wọ́, kì í ṣe sórí àga. Bí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ bá ti dé, kí ó mú un rìn yí ọgbà náà ká lẹ́ẹ̀kan, kí ó dárúkọ ajá kọ̀ọ̀kan fún un, kí ó fi èyí tí ń gé ni jẹ hàn án, àti ìgbà tí ó máa ń bínú, kí ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ibi tí wáyà náà ti fẹ́ já.